Oríṣiríṣi Òṣùwọ̀n Ooru àti Iṣẹ́ Tí Ó Tọ́ sí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Wọn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ ooru àti àwọn ohun èlò tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ooru ni ó ń sọ kòkó tútù di kòkó olóòórùn dídùn. Ooru kan náà ni ó ń ba kòkó jẹ́ bí ó bá pọ̀ jù, tàbí bí ó bá wá ní àkókò tí kò yẹ. Kòkó tí a fi ewé bò tí kò gbóná tó yóò ní àwọ̀ eérú nínú, ẹni tí ó bá là á wò yóò sì dín owó rẹ̀ kù. Kòkó tí a fi iná gbẹ lágbára jù yóò kan, èèpo rẹ̀ yóò sì máa fọ́ wẹ́wẹ́. Àpò ẹ̀pà tàbí àpò àgbàdo tí ó ń gbóná nínú ilé ìpamọ́ ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó ni ín pé kòkòrò ń jẹ ẹ́, tàbí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹni tí kò bá tètè gbọ́ ìkìlọ̀ yìí, owó rẹ̀ ni yóò fi gbọ́ ọ.

Láti ìgbà àwọn baba wa ni a ti ń fi ọwọ́ mọ bí nǹkan ti gbóná tó. Ọwọ́ àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fojú tẹ́ḿbẹ́lú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọwọ́ nínú omi tútù, bí ó bá fi ọwọ́ kan ohun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò sọ pé ó gbóná. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí iná yóò fi ọwọ́ kan ohun kan náà, yóò sì sọ pé ó tutù. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ kò lè wọ àárín gbùngbùn àpò tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò mìíràn jókòó lé lórí. Èyí ni ó fà á tí a fi ń lo òṣùwọ̀n.

Oríṣi òṣùwọ̀n mẹ́fà ni a ó ṣe àlàyé rẹ̀. A kò ní sọ pé ọ̀kan ni ó dára jù lọ nínú wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òṣùwọ̀n ooru rí. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa dì mú ṣinṣin ni pé òṣùwọ̀n kì í sọ ju ooru ibi tí ó ń wọ̀n lọ. Nítorí náà, kí a tó ra òṣùwọ̀n, kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé: Níbo gan-an ni ooru tí mo fẹ́ mọ̀ wà? Ṣé nínú òkìtì ni, tàbí nínú afẹ́fẹ́, tàbí ní ara irin, tàbí ní àárín àpò?

BÍ A TI Ń KA OORU

Gbogbo iye tí a ó dárúkọ nínú ìwé yìí jẹ́ ti ìwọ̀n Celsius, tí a sọ ní orúkọ Anders Celsius, ọ̀mọ̀wé ará Sweden tí ó pín ooru tí ó wà láàrin omi dídì àti omi híhó sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún ní ọdún 1742. Lórí ìwọ̀n yìí bí a ti ń lò ó lónìí, omi a máa di yìnyín ní dígírì 0, a sì máa hó ní dígírì 100 ní etí òkun. Ara ènìyàn tí ó ní ìlera wà ní bí 37. Ìwọ̀n mìíràn wà tí a ń pè ní Fahrenheit; lórí èyí, omi a máa di yìnyín ní 32, a sì máa hó ní 212. Ẹ máa wo lẹ́tà tí ó wà lójú òṣùwọ̀n dáadáa, bóyá C ni tàbí F, nítorí pé dígírì 50 ti Celsius ni dígírì 122 ti Fahrenheit. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan pe èkejì lè ba kòkó odidi ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.

1. ÒṢÙWỌ̀N ONÍGÍLÁÀSÌ

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí ó ní ihò kékeré bíńtín nínú, tí ohun olómi sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ooru bá kàn án, ohun olómi yìí a wú, a sì gun ihò náà lọ sókè. Bí ó bá tutù, a súnkì, a sì padà sísàlẹ̀. Daniel Gabriel Fahrenheit ni ó ṣe èyí tí ó ní mẹ́kúrì nínú, tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ní ọdún 1714. Àwọn mìíràn ní ọtí líle tí a pa láró pupa nínú dípò mẹ́kúrì.

Ìwà rere rẹ̀ ni pé kò fẹ́ bátìrì, kò sì ní ẹ̀rọ kankan tí ó lè yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni. Bí ó bá fọ́ sínú òkìtì kòkó, àfọ́kù gíláàsì yóò dàpọ̀ mọ́ ohun tí ènìyàn yóò jẹ. Bí ó bá sì jẹ́ onímẹ́kúrì, májèlé ni ó dà sí i yẹn. Nítorí ewu mẹ́kúrì ni àwọn orílẹ̀-èdè fi fohùn ṣọ̀kan lórí Àdéhùn Minamata ní ọdún 2013. Àdéhùn yìí fi ọdún 2020 ṣe òpin ṣíṣe òṣùwọ̀n onímẹ́kúrì àti kíkó o láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, àfi fún ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ tí a yọ sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dé ibi tí irè wà. Ibi tí ó yẹ onígíláàsì pupa ni ara ògiri ilé ìpamọ́, níbi tí oòrùn kò dé, kí ó máa sọ bí afẹ́fẹ́ inú ilé ti gbóná tó. Bí ẹ bá sì rí i pé ìlà pupa náà ti já sí méjì, ẹ má ṣe gba ohun tí ó bá sọ gbọ́ mọ́.

2. ÒṢÙWỌ̀N OLÓJÚ AAGO

Ojú rẹ̀ rí bí ojú aago, ó ní ọwọ́ kan tí ń yí, ó sì ní ọ̀pá irin gígùn nídìí. Nínú ọ̀pá yìí ni a fi irin méjì tí kò jọ ara wọn sí, tí a lẹ̀ mọ́ra tí a sì lọ́ bí okùn. Bí ooru bá kàn wọ́n, ọ̀kan a fẹ́ gùn ju èkejì lọ. Nígbà tí wọn kò sì lè ya ara wọn, wọn a tẹ̀. Títẹ̀ yìí ni ó ń yí ọwọ́ aago náà. John Harrison, ará England tí ń ṣe aago, ti lo irin méjì báyìí nínú aago tirẹ̀ ní ohun tí ó lé ní igba ọdún sẹ́yìn.

Òṣùwọ̀n yìí le, kò fẹ́ bátìrì, owó rẹ̀ kò ga púpọ̀, ẹni tí ó bá sì ti lè ka aago lè kà á. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́ fún. Èkíní ni pé kì í ṣe ẹnu ọ̀pá nìkan ni ó ń gbọ́ ooru. Apá ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, tí ó tó ínṣì méjì tàbí mẹ́ta, ni ó ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá kàn ti ẹnu rẹ̀ bọ òkìtì ń wọn òkìtì àti afẹ́fẹ́ ìta pọ̀ ni. Èkejì ni pé kì í yára. Ẹ dúró títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dẹ́kun yíyí. Ẹ̀kẹta ni pé bí ó bá já lulẹ̀, ó lè yẹ̀ kúrò lórí òtítọ́, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ fọ́.

3. TẸMỌ́KỌ́PÙ

Ìwádìí Thomas Johann Seebeck, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1821 ni a gbé èyí kà. Bí a bá mú wáyà méjì tí irin wọn yàtọ̀ síra, tí a so wọ́n pọ̀ ní orí kan, tí orí náà sì gbóná ju ìdí wọn lọ, agbára mànàmáná díẹ̀ yóò wà ní ìdí wáyà méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ ooru bá ti pọ̀ tó ni agbára náà yóò ti pọ̀ tó. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni tẹmọ́kọ́pù K. Níkẹ̀lì tí a pò mọ́ kúrómíọ̀mù ni wáyà rẹ̀ kan, níkẹ̀lì tí a pò mọ́ alumíníọ̀mù díẹ̀ sì ni èkejì. Agbára tí ó ń mú wá kéré gan-an: bí ìyàtọ̀ ooru bá jẹ́ dígírì 100, agbára náà kò tó ìdá kan nínú 300 agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò kà á.

Ìwà rere tẹmọ́kọ́pù pọ̀. Ó lè wọ inú iná tí ó lé ní dígírì 1,000 láìyọ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó yára, a sì lè fi wáyà rẹ̀ gígùn sí àárín àpò nígbà tí a ń to àpò jọ, kí a sì máa kà á láti ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ péye: ó lè fi bí dígírì méjì yẹ̀ kúrò lórí òtítọ́. Ẹ rántí pé ìyàtọ̀ láàrin orí àti ìdí ni ó ń wọ̀n. Ẹ̀rọ tí ń kà á gbọ́dọ̀ mọ ooru ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà kí ó tó lè ṣírò dáadáa. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ náà sínú oòrùn tàbí sí ẹ̀gbẹ́ iná. Bí wáyà rẹ̀ kò bá sì gùn tó, ẹ má ṣe fi wáyà bàbà tí a fi ń fa iná sínú ilé so ó gùn. Wáyà tí a ṣe fún irú tẹmọ́kọ́pù bẹ́ẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò.

4. ÒṢÙWỌ̀N PÌLÁTÍNỌ̀MÙ

Kò sí wáyà tí a ń lò lójoojúmọ́ tí ì bá jẹ́ kí mànàmáná kọjá láìdènà rẹ̀ rárá. Bí wáyà irin bá ti ń gbóná sí i ni ìdènà yìí ń pọ̀ sí i. Humphry Davy ṣàkíyèsí èyí ní ọdún 1821. William Siemens dá a lábàá ní ọdún 1871 pé kí a fi pìlátínọ̀mù ṣe òṣùwọ̀n ooru. Hugh Callendar sì sọ ọ́ di ohun tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní ọdún 1887. Èyí tí a ń lò jù lónìí ni Pt100. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni pé pìlátínọ̀mù ni, ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ óòmù 100 nígbà tí ooru bá wà ní 0. Óòmù ni ìwọ̀n tí a fi ń ka ìdènà mànàmáná. Nígbà tí ooru bá dé 100, ìdènà náà yóò di óòmù 138.5.

Kò sí èyí tí ó péye tó o nínú àwọn tí a ti dárúkọ. Nítòsí 0, èyí tí ó dára kì í fi ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta dígírì kan yẹ̀ kúrò lórí òtítọ́, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ti tẹmọ́kọ́pù lọ, kò fẹ́ kí a máa gbá a tàbí kí a máa mì í, wáyà tí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ sì lè tàn wá jẹ. Bí wáyà náà bá fi óòmù kan péré kún ìdènà, ẹ̀rọ yóò rò pé ooru ti fi bí dígírì méjì ààbọ̀ lé sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń so ó pẹ̀lú wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ̀rọ lè mọ ìdènà wáyà, kí ó sì yọ ọ́ kúrò. Iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ni èyí yẹ fún ju iṣẹ́ oko lọ.

5. TẸ́MÍSÍTỌ̀

Tẹ́místítọ̀ tí a ń lò jù jẹ́ ìbátan òṣùwọ̀n pìlátínọ̀mù, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ yí padà: bí ó bá ti ń gbóná sí i ni ìdènà rẹ̀ ń dín kù. Michael Faraday rí irú ìwà yìí lára ohun kan tí fàdákà àti imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀ ní ọdún 1833. Tẹ́mísítọ̀ òde òní kò ju hóró ìlẹ̀kẹ̀ kékeré lọ. Irú kan tí ó wọ́pọ̀ ní ìdènà óòmù 10,000 nígbà tí ooru wà ní 25; bí ooru bá dé 50, ìdènà náà yóò ti wá sílẹ̀ sí bí 3,600. Nítorí pé ìyípadà yìí pọ̀ gan-an, ẹ̀rọ tí kò wọ́n lè rí ìdá díẹ̀ nínú dígírì kan, ọ̀rọ̀ gígùn wáyà kò sì fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn òṣùwọ̀n onínọ́ḿbà tí ó ní ọ̀pá irin ṣóńṣó lẹ́nu, tí a ń tà lọ́jà lónìí. Ó péye ní àárín ooru tí àwa àgbẹ̀ ń bá pàdé lójoojúmọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe ti iná: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ ooru tí ó ju bí 150 lọ. Omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ a máa bà á jẹ́, bátìrì tí ó bá sì ti ń kú lè mú kí ó máa sọ ìsọkúsọ.

6. ÒṢÙWỌ̀N AWÒÓKÈÈRÈ

Gbogbo ohun tí ó gbóná ni ó ń tan ìtànṣán kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. William Herschel ni ó ṣàwárí irú ìtànṣán yìí ní ọdún 1800. Òṣùwọ̀n tí ó rí bí ìbọn kékeré, tí a ń nà sí nǹkan láìfi ọwọ́ kàn án, ìtànṣán yìí ni ó ń kà. Ọ̀pọ̀ wa ni a nà án sí ní iwájú orí ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà.

Ó yára ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ó sì dára fún ohun tí ń yí tàbí tí ó gbóná jù láti fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Awọ ara nǹkan nìkan ni ó ń rí. Bí a bá nà án sí àpò, ooru ara àpò ni yóò sọ, kì í ṣe ti ẹ̀pà tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá nà án sí òkìtì kòkó, ooru ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò kà. Irin tí ń dán kì í tan ìtànṣán yìí dáadáa, nítorí náà páànù tuntun tí ó gbóná gan-an lè dà bí ẹni pé ó tutù lójú rẹ̀. Àmì pupa tí ó ń tàn fi àárín ibi tí a nà án sí hàn ni; kò ṣe ìwọ̀n kankan. Bí a bá ti jìnnà tó ni ibi tí ó ń wò ń fẹ̀ sí i: bí a bá kọ 12:1 sí i lára, tí a sì dúró ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ibi tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ni ó ń kà pọ̀. Èyí tí a ṣe fún iwájú orí ènìyàn kò sì yẹ fún iṣẹ́ oko rárá.

ÈWO NI KÍ A LÒ FÚN IṢẸ́ WO?

Fún òkìtì kòkó tí a fi ewé bò. Ooru òkìtì kì í ti ìta wá. Àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń sọ ṣúgà inú omi kòkó di ọtí. Lẹ́yìn náà àwọn mìíràn, tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́, a sọ ọtí náà di ọtí kíkan, iṣẹ́ wọn sì ni ó ń mú ooru wá. Láàrin ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta, àárín òkìtì tí ó ń ṣe dáadáa yóò wà láàrin 45 àti 50. Ooru yìí pẹ̀lú ìkan náà ni ó ń pa ọmọ inú kóró, tí ó sì ń jẹ́ kí adùn ṣokoléètì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Òṣùwọ̀n olójú aago tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, tàbí onínọ́ḿbà alẹ́nu ṣóńṣó, ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́ta: ní àárín gbùngbùn, ní agbedeméjì, àti nítòsí etí. Bí àárín bá gbóná tí etí sì tutù, òkìtì fẹ́ kí a yí i ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá tutù lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ẹ wò ó bóyá òkìtì kéré jù, tàbí ewé tí a fi bò ó kò tó, tàbí òjò ń wọ̀ ọ́.

Fún ilé tí a fi iná gbẹ kòkó. Ẹni tí ń fi oòrùn sá kòkó rẹ̀ kò nílò òṣùwọ̀n púpọ̀. Oòrùn kì í jó kòkó. Ẹni tí ń fi iná gbẹ ẹ́ nílò rẹ̀ gidigidi. Kò yẹ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń gba inú kòkó kọjá ju bí 60 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, èèpo yóò gbẹ kíákíá kí ìkan inú rẹ̀ tó rí ọ̀nà jáde. Tẹmọ́kọ́pù ni kí ẹ lò níbí, kí ẹ fi orí rẹ̀ sí abẹ́ kòkó gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù iná, ooru páìpù ni yóò máa sọ fún yín.

Fún ilé ìpamọ́. Ẹ̀pà, àgbàdo, ẹkùrọ́ àti kòkó gbígbẹ kì í tètè jẹ́ kí ooru jáde. Kòkòrò lè mú àárín àká gbóná dé bí 42, ilé yóò sì wà ní títù pẹ̀sẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí ó bá jẹ́ omi ni ó wà lára irè náà tí ó sì ń bu, ooru rẹ̀ lè kọjá 60. Òṣùwọ̀n ara ògiri kò lè rí èyí, awòókèèrè kò sì lè rí i. Wáyà tẹmọ́kọ́pù tí a fi sí àárín nígbà tí a ń to àpò, tàbí ọ̀pá gígùn tí ó ní tẹ́mísítọ̀ lẹ́nu, ni ó lè rí i. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá kà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nọ́ḿbà kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀. Nọ́ḿbà tí ó ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nígbà tí ti àwọn àpò yòókù dúró sójú kan, ni kí ẹ sáré sí.

Fún ilé ẹ̀rọ. Níbi tí a ti ń yan kòkó ní bí 120 sí 150, ìyàtọ̀ dígírì díẹ̀ a máa yí adùn padà. Pt100 ni ó yẹ níbẹ̀. Fún inú iná fúnra rẹ̀, tẹmọ́kọ́pù. Fún ara ìlù tí ń yí, awòókèèrè, bí ara ìlù náà kò bá dán.

BÍ A TI Ń DÁN ÒṢÙWỌ̀N WÒ

Òṣùwọ̀n tí a kò dán wò dà bí ìwọ̀n òǹtajà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ kún ife, ẹ da omi mímọ́ tútù sí i títí yóò fi kún àlàfo àárín rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ ti òṣùwọ̀n bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kan ìdí ife. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ó yẹ kí ó sọ 0. Bí ó bá sọ 2, ẹ kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ó ń fi 2 kún un, kí ẹ sì tún dán an wò nínú omi híhó. Níbí ni kí ẹ rántí ibi tí ẹ ń gbé. Ní Èkó tí ó wà létí òkun, omi a máa hó ní bí 100. Ní Jọ́ọ̀sì, tí ó ga ju ojú òkun lọ ní bí 1,200 mítà, bí 96 ni omi ti ń hó. Ẹni tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì tí òṣùwọ̀n rẹ̀ sọ 96 kò ní láti ju òṣùwọ̀n náà nù. Òtítọ́ ni ó sọ. Ẹ dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò kòkó, àti nígbàkígbà tí ó bá já lulẹ̀.

OHUN TÍ ÒṢÙWỌ̀N OORU KÒ LÈ SỌ

Ẹ̀yin tí ń ra irè, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Òṣùwọ̀n ooru kò lè sọ bí omi ti pọ̀ tó nínú kòkó tàbí ẹ̀pà. Ẹ̀rọ tí ń wọn omi ni iṣẹ́ yẹn wà fún. Kò lè gbọ́ òórùn èéfín lára kòkó tí páìpù iná rẹ̀ ti lu. Imú ni ó ń gbọ́ ọ. Kò sì lè rí májèlé tí ń bẹ nínú ẹ̀pà bíbu. Ní ọdún 1960, ohun tí ó lé ní 100,000 tòlótòló kú ní England nítorí oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà ṣe; láti inú ìwádìí ikú wọn ni a ti mọ májèlé tí a ń pè ní aflatoxin. Ooru àpò lè kìlọ̀ fún yín pé nǹkan ń bu, ṣùgbọ́n àpò tí ó tutù lónìí lè ti bu ní oṣù tí ó kọjá. Bákan náà, àpò tí ó dúró sínú oòrùn lórí ọkọ̀ yóò gbóná láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi ní abẹ́ òrùlé kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi wé àwọn àpò tí wọ́n jọ wá.

A rọ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti dá owó jọ, kí wọ́n ra òṣùwọ̀n olójú aago kan tí ó dára fún òkìtì, àti onínọ́ḿbà alẹ́nu gígùn kan fún ilé ìpamọ́, kí wọ́n sì yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú wọn, tí yóò máa dán wọn wò, tí yóò sì máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé. Ìwé náà ṣe pàtàkì tó òṣùwọ̀n. Nígbà tí kòkó abúlé kan bá jáde dáadáa ní ọdún yìí, inú ìwé yẹn ni a ó ti mọ ohun tí a ṣe, kí a lè tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀.